Àlejò ọdún ń bọ̀, ẹrù sì kún ilé: níbo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Olùbéèrè

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí gbogbo yín. Àwọn òbí ọkọ mi, tí wọ́n ti di àgbàlagbà, àti àbúrò mi obìnrin pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn kéékèèké méjì, ń bọ̀ wá bá wa ṣe ọdún, wọn yóò sì lo odindi ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa. Inú mi dùn púpọ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí gbogbo wa ti jọ sùn sábẹ́ òrùlé kan, ṣùgbọ́n bí mo bá wo ilé báyìí, ọkàn mi kì í balẹ̀. Yàrá òkè tí a fẹ́ fi àwọn àgbà sí ni a ti sọ di ibi ìkẹ́rùsí: aṣọ tí kò gba àwọn ọmọ mọ́, ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò ṣiṣẹ́, àti àwọn páálí tí a kò tíì tú láti ìgbà tí a ti kó dé ilé yìí. Ọkọ mi ní pálọ̀ ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe, nítorí ibẹ̀ ni àlejò yóò kọ́kọ́ rí. Èmi sì rò pé ilé ìdáná ló ṣe kókó jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù, àwa méjèèjì la sì ń lọ sí ibi iṣẹ́ láàárọ̀ tí a kì í dé títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ó ti mọ́ lára láti máa gba àlejò, èwo ni kí a fi ṣáájú, èwo ni a sì lè fi sílẹ̀ láìṣe rárá?

Ìyá Onílé

Ẹ kú ìmúra o, ìyàwó wa. Yàrá tí àlejò yóò sùn sí ni kí ẹ fi ṣáájú, kí ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tẹ̀ lé e, kí ẹ wá bọ́ sí ilé ìdáná, kí pálọ̀ sì gbẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: pálọ̀ tí ẹ bá tún ṣe lónìí, àwọn ará ilé yóò ti dà á rú kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, nígbà tí yàrá àlejò jẹ́ ibi tí ẹ lè tún ṣe, kí ẹ pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé, kí ẹ sì bá a bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Yàrá yẹn náà sì ni ẹrù pọ̀ sí jù. Iṣẹ́ tó bá wúwo jù, ìgbà tí ara ṣì le ni a ń ṣe é.

Nígbà tí ẹ bá ti kó ẹrù kúrò, kí ẹ tó sọ pé ó parí, kí ẹ̀yin àti ọkọ yín lọ sùn síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ má wulẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ máa wò ó. Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ pa iná, kí ẹ sì gbìyànjú láti dìde lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú òkùnkùn. Ìgbà náà ni ẹ ó mọ̀ pé ibi tí a ti ń tan iná jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì, pé kò sí ibi tí ènìyàn lè gbé awò ojú rẹ̀ lé tí kò fi ní tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, pé aṣọ fèrèsé kò bo fèrèsé tán tí iná ìta fi ń wọlé tààrà sójú ẹni tó sùn, tàbí pé ìrọ̀rí ti pẹlẹbẹ débi pé ọrùn ń dun ènìyàn láàárọ̀. Àlejò kì í sọ èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí fún onílé. Yóò fara dà á ni títí tí yóò fi lọ.

Ohun tó yẹ kí wọ́n bá nínú yàrá náà kò pọ̀: apá kan kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣófo, pẹ̀lú ìfaṣọkọ́ mélòó kan tí kò sí aṣọ lórí wọn, tábìlì tàbí àga kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ibi tí wọ́n lè gbé báàgì sí tí kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì, ihò iná tí ọwọ́ lè tó láti fi ṣájà fóònù sí, kúbùsù kan lé sí èyí tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, àti apẹ̀rẹ̀ ìdalẹ̀nù, èyí tí ọ̀pọ̀ onílé máa ń gbàgbé, tí àlejò yóò fi máa mú bébà tó ti lò lọ́wọ́ kiri tí kò mọ ibi tí yóò jù ú sí. Òdòdó àti àwòrán ara ògiri dára, ṣùgbọ́n àyè ni ẹni tó gbé báàgì wọlé ń wá.

Olùtọ́jú Ẹrù

Mo fara mọ́ ètò tí Ìyá Onílé là sílẹ̀, mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹrù fúnra rẹ̀, nítorí bíbá àwọn ènìyàn to ilé wọn ni iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ má tíì lọ ra àpótí, apẹ̀rẹ̀ tàbí pẹpẹ kankan. Ẹni tó bá ra àpótí kó tó yọ ohun tí kò nílò kúrò, ibi tuntun tí yóò kó pàǹtírí sí ló kàn rà, ilé yóò sì túbọ̀ há. Ẹ kọ́kọ́ dín ẹrù kù. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni yóò sọ irú àpótí tí ẹ nílò, bí ẹ bá tilẹ̀ nílò rẹ̀.

Ẹ má sì tú gbogbo yàrá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú ibi kan ṣoṣo ní ìrọ̀lẹ́ kan, ibi tí ẹ lè parí láàárín wákàtí kan, ìbáà ṣe abala kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù tàbí páálí méjì. Ẹ kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ jáde sórí aṣọ tí ẹ tẹ́ sílẹ̀, ẹ nu ibẹ̀ mọ́, kí ẹ wá máa mú ohun kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, kí ẹ bi ara yín bóyá ẹ lò ó láàárín ọdún tó kọjá, àti pé bí ó bá sọnù lónìí, bóyá ẹ ó ra òmíràn. Èyí tí ẹ ń lò, ẹ dá a padà. Èyí tó lè wúlò fún ẹlòmíràn, ẹ dì í sínú àpò. Èyí tó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ẹ kó o dànù. Ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn, ẹ dá ọjọ́ fún un: bí ẹ kò bá gbé e lọ sọ́dọ̀ alátùnṣe kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ fi ta ẹni tí yóò tún un ṣe lọ́rẹ. Àpò tí ẹ bá sì dì fún ìtọrẹ gbọ́dọ̀ kúrò nílé lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì, nítorí bí ó bá wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ́, ẹnì kan nínú ilé yóò tú u wò, ìdajì rẹ̀ yóò sì padà sínú yàrá.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sílẹ̀ pátápátá báyìí: àwọn àwòrán àtijọ́, lẹ́tà, àti ẹrù àwọn ẹni wa tó ti lọ. Ó yẹ kí a fara balẹ̀ wo irú wọn, ìrọ̀lẹ́ kan kò sì lè tó o. Ẹ kó wọn jọ sínú páálí kan, ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i lára gàdàgbà, kí ẹ sì gbé e pamọ́ di ẹ̀yìn ọdún.

Òṣìṣẹ́ Alẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹni tí kò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yóò ṣe? Bí àlejò bá fi ọjọ́ méjì péré sọ fún mi, yàrá kan ni mo máa ń kó ohun gbogbo sí, tí n ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ilé a mọ́, àlejò a sì gbádùn ara wọn.

Olùtọ́jú Ẹrù

Nígbà tí ọjọ́ bá ti kéré tó bẹ́ẹ̀, arákùnrin mi, kò burú, mo sì ti gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn yẹn, ẹ kọ́kọ́ yọ ìwé pàtàkì, kọ́kọ́rọ́, oògùn, ṣájà àti ìwé owó tí ẹ níláti san, kí ẹ kó wọn sínú báàgì kan ṣoṣo tí ẹ mọ ibi tó wà, nítorí ohun tí a ń wá lójú méjèèjì nígbà tí àlejò wà nílé kì í kọjá àwọn nǹkan wọ̀nyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹrù dí fèrèsé, tàbí ibi tí a ti ń pa iná mànàmáná gbogbo ilé. Olùbéèrè ní tirẹ̀ kò lè tọ ọ̀nà yìí, nítorí yàrá tí yóò kó ẹrù sí ni àlejò rẹ̀ fẹ́ sùn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Olùbéèrè, mo rí i pé àgbàlagbà àti ọmọdé ni yóò jọ wà nínú ilé yín ní àkókò kan náà. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ díẹ̀ lórí èyí, nítorí ilé tó rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ̀yin tí ẹ mọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀, lè léwu fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú rẹ̀.

Ní ti àwọn àgbà, ìṣubú ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Ẹ rìn láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn títí dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ máa wo ilẹ̀ bí ẹ ti ń lọ: rọ́ọ̀gì tí etí rẹ̀ ti ká sókè, wáyà tó gba ojú ọ̀nà kọjá, bàtà tí àwọn ọmọ bọ́ sílẹ̀, àga kékeré tí ẹ̀yin ti mọ bí ẹ ṣe ń yà fún. Ẹ ká àwọn rọ́ọ̀gì kéékèèké nílẹ̀ pátápátá fún ọ̀sẹ̀ náà, kí ẹ sì fi iná kékeré kan sí ojú ọ̀nà náà tí yóò máa tàn mọ́jú. Nínú ilé ìwẹ̀, ẹ tẹ́ ẹní rọ́bà tí kì í yọ̀, kí ẹ sì gbọn irin tí ẹ ń fi aṣọ ìnura kọ́ wò dáadáa. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá fẹ́ yọ̀ yóò na ọwọ́ mú irin yẹn, bẹ́ẹ̀ ni a kò ṣe é láti gba ènìyàn dúró. Bí kò bá lè dúró ṣinṣin, ẹ gbé àga ìwẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀ síbẹ̀ kí wọ́n lè jókòó. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, ẹ má jẹ́ kí ooru omi náà kọjá 49°C, nítorí omi gbígbóná tètè máa ń bó ara àgbà àti ti ọmọdé.

Ní ti àwọn ọmọ, ẹ kúnlẹ̀ kí ojú yín lè wà ní ibi tí ojú wọn máa ń wà, kí ẹ wá wo yàrá kọ̀ọ̀kan láti ibẹ̀. Ẹ ó rí ọ̀bẹ tí orí rẹ̀ yọ létí tábìlì, okùn aṣọ fèrèsé tó rọ̀ sílẹ̀, ọṣẹ olómi tó wà nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná. Bátìrì róbótó pẹlẹbẹ, irú èyí tó máa ń wà nínú rìmóòtù àti ohun ìṣeré, ni mo bẹ̀rù jù lọ. Bí ọmọ bá gbé e mì tí ó sì há sí ọ̀nà ọ̀fun, ó lè jó ẹran ara ibẹ̀ gidigidi láàárín wákàtí méjì, kódà bí bátìrì náà kò bá lè tan rìmóòtù mọ́. Ẹ yẹ gbogbo rìmóòtù wò bóyá ìdérí rẹ̀ le. Bí ẹ bá sì fura pé ọmọ gbé bátìrì mì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de àmì kankan.

Oògùn náà ń kọ́? Onílé máa ń rántí gbé tirẹ̀ sókè, ṣùgbọ́n oògùn àwọn àgbà máa ń wà nínú báàgì wọn nílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí ọmọ-ọmọ ti lè tú u. Ẹ ti ṣètò ibi gíga kan sílẹ̀ kí wọ́n tó dé, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn bí wọ́n bá ti jókòó tán pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jọ̀ọ́ sà, a ti wá àyè sílẹ̀ fún oògùn yín lókè yìí, kí ọwọ́ àwọn ọmọ má baà tó o.” Kò sí àgbà tí yóò bínú sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Alásè

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Láti òní lọ, ẹ máa se oúnjẹ tó ti wà nílé, kí ẹ má tíì ra tuntun jọ, kí fíríìjì àti fírísà lè ṣófo díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó bá ku bí ọjọ́ mẹ́rin, ẹ kó ohun gbogbo jáde, ẹ ju èyí tó ti bàjẹ́ nù, kí ẹ sì fi omi àti ọṣẹ nu inú wọn. Fíríìjì gbọ́dọ̀ wà ní 4°C tàbí kí ó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, fírísà sì gbọ́dọ̀ wà ní -18°C. Kò sì lè tutù tó bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ki oúnjẹ mọ́ ọn débi pé afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà kọjá nínú rẹ̀. Ẹran tútù, ìsàlẹ̀ pátápátá ni kí ó wà, nínú abọ́ jíjìn, kí omi ara rẹ̀ má baà kán sórí oúnjẹ tí a ti sè.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka ọjọ́ tí ẹran dídì fi ń yọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó yọ́ nínú fíríìjì, bó ṣe yẹ, ẹran tó tó kílò méjì lè gba odindi ọjọ́ kan, nítorí náà, èyí tó bá tóbi gbọ́dọ̀ kúrò nínú fírísà ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti wá àyè rẹ̀ sílẹ̀ nínú fíríìjì. Oúnjẹ tí ẹ bá sè tán kò gbọdọ̀ wà níta ju wákàtí méjì lọ. Ẹ pín èyí tó bá ṣẹ́kù sínú abọ́ pẹrẹsẹ kí ó lè tètè tutù, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin.

Yàtọ̀ sí èyí, ẹ gbé ẹ̀rọ tí ẹ kì í lò lójoojúmọ́ kúrò lórí tábìlì ilé ìdáná, kí ẹ sì kó ife, ṣíbí, omi mímu àti ohun tí wọ́n lè fi jẹun àárọ̀ sí ojú kan tí gbogbo ènìyàn lè rí. Àgbà tó bá jí kí ilẹ̀ tó mọ́ kò ní máa ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yín lọ́kọ̀ọ̀kan láti wá ife.

Olùfọṣọ

Ẹ fọ gbogbo aṣọ bẹ́ẹ̀dì àlejò ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, àní èyí tó mọ́ tí ẹ ti ká pamọ́, nítorí eruku àti òórùn kọ́bọ́ọ̀dù ti wà lára rẹ̀. Bí aṣọ náà bá lè gbà á, omi tó gbóná dé 60°C ni yóò pa kòkòrò inú eruku tí ń mú àwọn mìíràn sín tàbí kí èémí wọn máa há. Ẹ gbé fóòmù dìde, kí ẹ sì tan iná fóònù sí gbogbo ojú rírán àti etí rẹ̀, àti ibi tí igi bẹ́ẹ̀dì ti so pọ̀. Bí ẹ bá rí àmì dúdú wẹ́wẹ́, tàbí èèpo kòkòrò tó ti bọ́, ìdun ló ń gbé ibẹ̀, ó sì sàn kí ẹ mọ̀ nísinsìnyí tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣì wà. Ìdun a sì máa bá ẹrù rìn, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tí Ìyá Onílé sọ, pé kí báàgì má wà lórí bẹ́ẹ̀dì, fi ṣe pàtàkì.

Tí ẹ bá ń tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe, mo bẹ̀ yín, ẹ má po bílíìṣì mọ́ ohunkóhun yàtọ̀ sí omi. Bí ó bá pàdé fínígà tàbí ohun kíkan mìíràn tí a fi ń fọ àwo ìgbọ̀nsẹ̀, yóò tú afẹ́fẹ́ olóró jáde, bẹ́ẹ̀ náà ni bí ó bá pàdé ohun tó ní amóníà nínú. Ìkánjú tí a fi ń tún ilé ṣe de àlejò ló máa ń jẹ́ kí ènìyàn da méjì pọ̀ pé kí ó lè tètè funfun.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ọgbọ́n tán nínú yín. Ọkọ mi ti gbà pé kí pálọ̀ gbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ kan ló kù: àwọn ọmọ wa, ọmọ ọdún méjìlá àti mẹ́sàn-án, ń fẹ́ ṣe ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í parí ohun tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́rin

Ẹ má sọ fún ọmọ pé kí ó “tún yàrá ṣe,” nítorí kò mọ ibi tó parí sí. Ẹ ní kí ó kó gbogbo ìwé orí tábìlì yìí sínú páálí yìí kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ó sì wá pè yín wò ó. Kí ọmọ ọdún méjìlá ní ibi kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, bí ẹnu ọ̀nà àti ibi tí a ń to bàtà sí, tí yóò máa bójú tó títí àlejò yóò fi lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kankan, yálà kíkun ilé ní ọ̀dà tàbí yíyí àga àti tábìlì padà. Òórùn ọ̀dà kì í tètè lọ, iṣẹ́ tí a bá sì fi ìkánjú bẹ̀rẹ̀ máa ń dé ọwọ́ àlejò láìparí.

Ìyá Onílé

Ìyàwó wa, ẹ tíì pe àwọn àlejò náà? Ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ àti wákàtí tí wọn yóò dé, oúnjẹ tí ara wọn kò gbà, ibi tí ọmọ tó kéré jù máa ń sùn, àti bóyá àtẹ̀gùn ń ni Bàbá àti Ìyá lára. Ìpè kan yóò gba iṣẹ́ púpọ̀ kúrò lọ́rùn yín.

Olùbéèrè

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wọ́n tán ni, mà. Bàbá ní orúnkún ń dun àwọn, àwọn kò sì fẹ́ràn àtẹ̀gùn mọ́. Òkè ni yàrá tí a ń tún ṣe wà. Yàrá tèmi àti ọkọ mi ló wà nísàlẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Ìyá Onílé

Ẹ fún wọn ní yàrá tiyín, kí ẹ̀yin méjèèjì gòkè lọ fún ọ̀sẹ̀ náà. Iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe lókè kò ṣòfò, ẹ̀yin ni ẹ ó sùn síbẹ̀. Ẹ kó aṣọ tí ẹ ó wọ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà àti ohun ìní yín tó ṣe pàtàkì gòkè ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ẹ má baà máa kan ilẹ̀kùn àwọn àgbà láàárọ̀ láti wá ṣẹ́ẹ̀tì tí ọkọ yín yóò wọ̀. Kí ẹ sì tú apá kan kọ́bọ́ọ̀dù yín sílẹ̀ fún wọn, nítorí ìyẹn ni ẹni tó bá yára fi yàrá tirẹ̀ sílẹ̀ máa ń gbàgbé jù.